Ẹ̀rọ Tó Ń Tún Ọ̀rọ̀ Sọ fún Mi

Bàbá mi tó sùn sí Ẹ̀pẹ́,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé sí yín. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, àdúrà nìkan ni mo ń fi ránṣẹ́, mo sì rò pé ó tó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì lè sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé mi, ẹ̀yin nìkan ni ó sì máa yé láìjẹ́ pé mò ń rojọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti ń bà mí, àmọ́ ti àárọ̀ òní yìí kọjá bẹ́ẹ̀.

Orí tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

A ra ẹ̀rọ kan sí ilé wa ní Ìkòròdú. Dekódà ni, èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kó lè máa mú àwọn ìkànnì òkèèrè, ṣùgbọ́n tiwa yìí ní ibi ìpamọ́ nínú. Ohunkóhun tó bá ń lọ lọ́wọ́, ó ń gbà á sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ẹ lè dá ẹni tó ń ka ìròyìn dúró láàárín gbólóhùn, kó la ẹnu sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ lọ kírun, kí ẹ sì padà wá bá a níbi tí ẹ fi í sí. Bọ́tìnnì kan tún wà lára rìmóòtù rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á padà sẹ́yìn díẹ̀, á tún ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wí wí. Ọkọ mi rò pé nítorí bọ́ọ̀lù òun ni mo ṣe ní ká rà á. Àbíkẹ́, ọmọ mi tó ti pé ọdún mẹ́wàá báyìí, rò pé nítorí eré àwọn ọmọdé ni. Bọ́tìnnì yẹn ni mo rà, Bàbá. Etí mi ń dí.

Mi ò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ àwọn ará àdúgbò ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, torí bí wọ́n bá ti tàn án, ta ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì? Nígbà tí iná dé tí gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́, tí mi ò sì gbọ́ ohun tí ọkọ mi ń sọ láti yàrá, mo ní fáànù ni. Ó wá di ọjọ́ kan tí kò sí jẹnẹrétọ̀, tí kò sí fáànù, tí mò ń ṣa ẹ̀wà lórí àga. Àbíkẹ́ dúró sẹ́yìn mi, ó ń pè mí, ó ń pè mí, mi ò mọ̀ títí ó fi fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo fò sókè, ẹ̀wà dà sílẹ̀. Mo bú u pé kí ló dé tó ń yọ́ rìn bí olè. Ojú tí ọmọ náà fi wò mí, mo mọ ojú náà dáadáa. Ojú tí èmi fi ń wò yín nígbà náà ni.

Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo wa dá lẹ́bi fún tiyín. Láti ìgbà ọ̀dọ́ yín ni ẹ ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní etí ọ̀sà, ẹ ó tàn án, ẹ ó fi etí tì í bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ àṣírí, ẹ ó sì mọ ibi tó ti ń dùn ún. A ní ariwo yẹn ló ba etí yín jẹ́. Ìyẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, torí mi ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rí. Báyìí, kí ni mo fẹ́ sọ pé ó ba tèmi jẹ́? Bí kì í bá ṣe ẹ́ńjìnnì, a jẹ́ pé àjogúnbá ni. Bó bá sì jẹ́ àjogúnbá ni, Àbíkẹ́ ńkọ́? Mo máa ń dúró lẹ́yìn ọmọ náà nígbà tó bá ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀, màá rọra pe orúkọ rẹ̀, ohùn mi kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, kí n lè mọ̀ bóyá ó máa yíjú. Ó ń yíjú. Títí di ìsinsìnyí, ó ń yíjú.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ìròyìn alẹ́. Ẹ máa ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n débi pé ó máa ń kù díẹ̀ kí imú yín kàn án. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ ó yíjú sí mi, ẹ ó béèrè ohun tí wọ́n wí. Èmi, tí mo ní ìwé tí mò ń kà, tí mo ní ọ̀rẹ́ tó ń dúró dè mí níta, èsì kan ṣoṣo ni mo ní: kò sí nǹkan, Bàbá. Wọ́n á sọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á fi èrò rẹpẹtẹ hàn, wọ́n á fi ilé tó ń jó hàn, wọ́n á fi àwọn ọkùnrin tó ń bọ ara wọn lọ́wọ́ hàn, èmi á ní kò sí nǹkan. Ẹ ó sì mi orí. Kí lẹ rò nígbà náà? Ṣé ẹ gbà mí gbọ́? Àbí ẹ mọ̀ pé ọ̀lẹ ni mí, ẹ kàn fojú fò mí? Mo tọrọ àforíjì, Bàbá. Ó pẹ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo tọrọ rẹ̀.

Ọdún yìí náà ni mo tó mọ ìdí tí ẹ fi máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn. Àgbàlagbà bíi tiyín! Ọmọdé á ṣì máa bọ̀ lókèèrè, kò tíì rántí pé ó yẹ kóun kúnlẹ̀, ẹ ó ti ní, "Sàláámù àléékùm, ọmọ mi, ṣé dáadáa la jí? Ilé ńkọ́? Bàbá ńkọ́? Ó dáa bẹ́ẹ̀, ká máa rọ́jú o." Ẹ ti kí i, ẹ ti bi í, ẹ ti bá a dáhùn, ẹ ti kọjá lọ. Gbogbo àdúgbò ní ẹ ò ní ìgbéraga. Ìyá wa sọ fún mi pé ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Lèmọ́mù fi yín ṣe àpẹẹrẹ nínú wáàsí, gbogbo jàmáà yíjú wò yín, ẹ̀yin sì ń mi orí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni. Nígbà tí ẹ délé ni ẹ wá ń bi í léèrè ìdí tí àwọn èèyàn fi ń bọ̀ yín lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá wa ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ọ̀nà àtisá fún ìkíni ni. Nílẹ̀ wa, ẹni tí a kí tí kò dáhùn ti wá ìjà. Ẹni tó bá sì tètè kí èèyàn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ó gbọ́ èsì.

Mo mọ̀ nítorí pé èmi náà ti ń ṣe é. Láti ilé dé ibi iṣẹ́, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ kí mi. Wọ́n ń yìn mí pé nọ́ọ̀sì yìí lọ́yàyà o. Bí fóònù mi bá dún, mi ò ní gbé e, màá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú èèyàn àti ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò kí n tó mọ ohun tó ń sọ.

Ọjọ́ tí a lọ ra ẹ̀rọ náà, èmi àti ọkọ mi la jọ lọ. Ọkùnrin ará Ọ̀ṣun kan ló ń tà á, ẹni jẹ́jẹ́, Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ méjì ló gbé kalẹ̀ níwájú wa. Ọ̀kan ni dekódà tí mo sọ. Èkejì ń gba nǹkan sílẹ̀ sórí díìsì, àwo pẹlẹbẹ tó ń dán yẹn, ẹ sì lè yọ ọ́ kúrò, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ó wá bi mí léèrè, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi ṣe gan-an?"

Ọkọ mi dúró ti mí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, "Bọ́ọ̀lù ni."

"Ha, tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ni, ẹ fi dekódà yìí sílẹ̀ jàre. Oní-díìsì ni kẹ́ ẹ gbà. Tó bá ti gbà á tán, ó ti di tiyín nìyẹn. Kódà ẹ lè gbé e lọ wò nílé ọ̀rẹ́ yín."

Ojú ọkọ mi tàn. Mo béèrè bóyá oní-díìsì náà lè tún ọ̀rọ̀ sọ bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ó ní rárá, ó di ìgbà tó bá gbà á tán. Mo ní dekódà la fẹ́. Ọkọ mi ní kí ló dé? Mo ní díìsì á máa họ. Ó ní òun á máa tọ́jú rẹ̀. Mo ní Àbíkẹ́ á fi ṣeré. Ó ní Àbíkẹ́ kì í ṣe ọmọ ọdún méjì. Ẹ ò rí nǹkan? Irọ́ tí mo pa ni wọ́n fi ń bá mi jà. Bí mo bá ti sọ òtítọ́, Bàbá Ìbejì ì bá ti gbé ẹ̀rọ tó yẹ fún mi láìjiyàn rárá. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé omi ń bọ̀ lójú mi nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni nítorí tẹlifíṣọ̀n. Ọkọ mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbí ìwọ lo máa gbá bọ́ọ̀lù náà ni?" Ó sì gbà fún mi. Bàbá Ìbejì wá kẹ́yìn sí wa, ó ń di ẹ̀rọ náà sínú páálí, ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń dì í. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dákẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Títí di òní, mi ò mọ ohun tí mo gbà sí.

Kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀rọ náà tù mí lára. Oṣù kan, oṣù méjì, ilé wa dùn. Rìmóòtù kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ tí kò dé etí mi, màá tẹ bọ́tìnnì, á padà, màá tún un tẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀kẹta màá gbọ́ ọ. Ọkọ mi ń ráhùn pé mò ń fa ọ̀rọ̀ gùn, Àbíkẹ́ sì ń fi mí ṣẹ̀sín pé èmi ni ọ̀gá rìmóòtù. Mi ò lọ rí dókítà. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò, èmi fúnra mi ni mò ń júwe ibẹ̀ fún àwọn aláìsàn. Mo ṣáà sọ fún ara mi pé kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe. Nígbà tí ẹ wà láyé, ẹ máa ń sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ pé ọmọ yín ló ń gba ọmọ. Ẹ ò mọ̀ pé etí la fi ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Fèrè kékeré kan la ní, a ó gbé ẹnu rẹ̀ kan lé ikùn aláboyún, a ó fi etí tì í ní òkè, a ó sì máa ka bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù nínú lọ́hùn-ún. Ó rọra ń dún bí aago ọwọ́ tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Láti bí oṣù mélòó kan, ó ti ń jìnnà sí mi. Màá ti orí bọlẹ̀, màá mú èémí dúró, màá tó rí i mú.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó kan Rísíkà. Ọmọbìnrin ará Ibeshe ni, ó ń yan ẹja tà, oyún rẹ̀ kejì nìyí, ó sì ti wọ oṣù tó máa bí. Mo gbé fèrè lé e nínú. Kò sí nǹkan. Mo sún un sí apá òsì. Kò sí nǹkan. Àwọn obìnrin jókòó lọ rẹrẹ lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń dúró, Mátírọ̀nù wa tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì ń kọjá lẹ́yìn mi. Bàbá, àtàǹpàkò mi tẹ ara fèrè náà. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí mo ṣe ń tẹ rìmóòtù. Ó ń wá bọ́tìnnì.

Mo gbójú sókè, mo rí ẹnu Rísíkà tó ń béèrè bóyá ọmọ òun wà dáadáa. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní ó wà dáadáa. Mo mú káàdì rẹ̀, mo kọ iye tó máa ń wà níbẹ̀ fún ọmọ tí ara rẹ̀ le. Mo kọ ohun tí mi ò gbọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè jẹun. Ọkọ mi ní ibà ni, ó ra oògùn fún mi. Ṣé ọmọ ló dákẹ́ ni, àbí etí mi ló dí? Ìbéèrè yìí kan náà ni ní ọjọ́ Jímọ̀, òun náà ni ní ọjọ́ Sátidé. Ó yẹ kí n sọ fún Mátírọ̀nù lójú ẹsẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì padà. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gba fèrè lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe? Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, pé mo lè máa ro ti iṣẹ́ nígbà tí mi ò mọ̀ bóyá ọmọ ẹni ẹlẹ́ni wà láàyè.

Lónìí Sọ́ńdè, mo purọ́ fún ọkọ mi pé wọ́n pè mí níbi iṣẹ́. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ibeshe. Mo bá Rísíkà lẹ́yìn ilé wọn ní etí omi, ó ń yí ẹja lórí ààrò, èéfín bò ó. Mo ti kí i kó tó rí mi. Ẹnu yà á, ó fẹ́ kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn ńlá yẹn, mo dá a dúró. Mo ní mò ń kọjá lọ ni. Mo wá bi í léèrè, "Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ń yí dáadáa?"

Èéfín yí sí i lójú. Ó kẹ́yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹja rẹ̀, ó sì ń dá mi lóhùn. Èsì náà gùn. Mo rí èjìká rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Nígbà tó yíjú padà, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á sọ̀ ẹ́ kalẹ̀ láyọ̀." Mo sì jáde.

Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan lé ọ̀kadà kó tó yé mi. Kí ló sọ? Kí ni mo sọ pé ó dáa? Bó bá jẹ́ pé ó ní ọmọ náà ò yí mọ́, nọ́ọ̀sì ti dé láti Ìkòròdú, ó ti gbọ́, ó ti rẹ́rìn-ín, ó ti ṣàdúrà, ó ti lọ. Bàbá, mi ò tíì mọ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi ọlọ́kadà sílẹ̀, mo sáré padà gba ẹ̀gbẹ́ ilé náà.

Mo ní, "Rísíkà, mi ò gbọ́ ohun tó o sọ."

Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tún un sọ fún ẹja. Mo dì í lápá.

"Kọjú sí mi, jọ̀ọ́. Etí mi ò gbọ́ mọ́, ó ti pẹ́. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, mi ò gbọ́ ọkàn ọmọ ẹ. Mo kàn kọ ọ́ ni."

Ó wò mí. Ẹja ń jó lẹ́yìn rẹ̀, kò yí i. Ó wá sọ ọ́, mo sì rí gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kedere. Ó ní láti àná ni ọmọ náà ò ti fi bẹ́ẹ̀ yí, pé ìyá ọkọ òun ní kóun lọ sílé ìwòsàn, àmọ́ òun ní kò sí wàhálà, torí pé èmi ti gbọ́ ọ lọ́jọ́bọ̀, èmi sì ní ó wà dáadáa.

Mi ò mọ bí mo ṣe dì í mú dé ojú ọ̀nà. Orí ọ̀kadà kan ṣoṣo la gùn, òun ní àárín, èmi lẹ́yìn, ọwọ́ mi méjèèjì lórí ikùn rẹ̀. Mò ń fi ọwọ́ wá ọmọ náà láti Ibeshe dé Ìkòròdú, gbogbo gbágungbàgun ojú ọ̀nà ló ń tàn mí jẹ pé ọmọ náà yí.

Nọ́ọ̀sì kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí ló gbé fèrè lé e. Mo dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mò ń wo ojú rẹ̀. Kò sí nǹkan lójú náà. Ó sún fèrè. Ó tún un sún. Ó wá dúró jẹ́ẹ́, ètè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó ń kà á lọ, ó ń kà á lọ, mo bá a kà á títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wà láàyè. Nọ́ọ̀sì náà ní ọkàn rẹ̀ ń falẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n dá ìyá rẹ̀ dúró, kí wọ́n ránṣẹ́ sí dókítà. Ó sì na fèrè sí mi, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, kí àgbà náà gbọ́ ọ kó lè dá a lójú. Rísíkà gbórí sókè lórí ìrọ̀rí, ó ń wò mí. Ó fẹ́ rí ohun tí màá ṣe. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo ní, "Mi ò lè gbọ́ ọ. Ẹ pe ẹlòmíì."

Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Mátírọ̀nù nílé. Ó ń bọ̀. Dókítà ti dé, ó ní àwọn á máa ṣọ́ ọmọ náà, bí ọkàn rẹ̀ kò bá yára sí i, wọ́n á fi iṣẹ́ abẹ gbé e jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò mọ bó ṣe máa já sí, Bàbá. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì ní iṣẹ́. Ọkọ mi ò tíì mọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí fún ọmọ Rísíkà, ẹ̀rù ń bà mí fún Àbíkẹ́, ẹ̀rù ara mi náà ń bà mí. Ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ ni mò ń kọ èyí sí, lórí àga, ní ìdojúkọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ti tó wákàtí méjì, Rísíkà ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ó la ojú sílẹ̀, ó ń wo òkè. Bí mo bá kọ ìlà kan, màá gbójú sókè, màá wo ẹnu rẹ̀, torí bó bá sọ̀rọ̀, mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé mi ò gbọ́.

Ẹ sùn re, Bàbá mi.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe fi hàn lọ.